Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Píkọ́ọ̀pù Dísẹ́ẹ̀lì Tí Wọ́n Ti Tune Wọ́ Tírélà Láìséwu

Ní àdúgbò wa ní Alief, ní Houston, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó tún pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, gíà ọkọ̀ mi ti jó o." Ìtàn náà kì í yàtọ̀. Ó ra píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì, ó gbé e fún ẹni tó ń tune ọkọ̀ (tó ń yí ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà kó lè lágbára sí i), agbára rẹ̀ ga sókè. Ó so tírélà mọ́ ọn, ó lọ gbé ọkọ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Èkó ní ibi gbàǹjo ní Dallas. Kó tó padà dé, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì I-45, òórùn epo tó jóná gba gbogbo ibẹ̀. Ti ẹlòmíràn, gíà kò jó, bíréèkì ni kò mú. Ti ẹlòmíràn, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìrù ẹja lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé òun àti ẹrù sọ sínú kòtò.

Ohun kan náà ló ń kó wọn sí wàhálà. Wọ́n rò pé agbára tó wọ ẹ́ńjìnnì ti wọ gbogbo ara ọkọ̀. Tune kì í fi kún bíréèkì. Kì í fi kún táyà, kì í mú radíétọ̀ fẹ̀ sí i, kì í sì í pa iye tó wà lára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ́. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló yí padà, gbogbo èyí tó kù ṣì wà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde. Torí náà, ẹni tó ti tune ọkọ̀ rẹ̀ ní láti ṣọ́ra ju ẹni tí kò tune lọ, nítorí ọkọ̀ tirẹ̀ lè fa ohun tí kò lè dá dúró.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

- Géèjì tó ń ka ooru èéfín (EGT), ooru epo gíà àti ooru omi radíétọ̀ ní nọ́ńbà. Iná pupa inú dáṣíbọ́ọ̀dù kò tó. Nígbà tó bá fi máa tàn, nǹkan ti bàjẹ́.
- Tune tó ní ipele oríṣiríṣi, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti wíwọ́ ẹrù.
- Hitch (irin ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a ń so tírélà mọ́) àti bọ́ọ̀lù tó bá ẹnu tírélà yín mu gẹ́lẹ́, tí a kọ iye ẹrù tí wọ́n lè gbé sí lára.
- Brake controller (ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń darí bíréèkì tírélà) tó ń ṣiṣẹ́.
- Géèjì táyà tó lè ka kọjá 80 psi, àti torque wrench fún nọ́ọ̀tì táyà.
- Bẹ́líìtì ìdẹrù mẹ́rin, tí wọ́n kọ WLL (ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ dè jù) 3,333 páùn sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.
- Wẹ́ẹ̀jì táyà méjì, tọ́ọ̀ṣì, àti ibọ̀wọ́ tó nípọn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ òfin kún un. Bí ẹ bá ń gbowó gbé ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, tí iye tí wọ́n kọ sára píkọ́ọ̀pù àti tírélà papọ̀ bá ti tó 10,001 páùn, ẹ nílò nọ́ńbà USDOT (ti ilé iṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀). Bí àpapọ̀ náà bá tó 26,001 páùn, tí ti tírélà nìkan sì ju 10,000 lọ, ẹ nílò CDL Class A (ìwé àṣẹ awakọ̀ ọkọ̀ ńlá). Iye tí ilé iṣẹ́ kọ sí i ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìkan. Àwọn ará wa kan ti sanwó ìtanràn tó ju èrè oṣù kan lọ torí pé tírélà wọn ṣófo, wọ́n sì rò pé kò kàn wọ́n.

Ìpele 1: Ẹ ka sítíkà kí ẹ tó so ohunkóhun

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo férémù rẹ̀. Sítíkà méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ní GVWR (gbogbo ohun tí ọkọ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jù) àti GAWR (ohun tí táyà apá kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ gbé jù) ti táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Èkejì ló ń sọ iye tí èrò àti ẹrù papọ̀ kò gbọ́dọ̀ jù. Èyí ni payload, òun gan-an sì ni àwọn ènìyàn kì í kà. Iye tí ọkọ̀ lè wọ́, èyí tí wọ́n ń pariwo níbi tí wọ́n ti ń tà á, ni wọ́n ń há sórí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Píkọ́ọ̀pù 2500 onílẹ̀kùn mẹ́rin kan ní payload 2,100 páùn. Ọ̀rẹ́ wa kan fẹ́ fi wọ́ tírélà gooseneck (èyí tí a ń so mọ́ inú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù) alọ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Tírélà jẹ́ 5,500, ọkọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ 3,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10,500. Àpapọ̀ 16,000. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á fa 16,000 láìmikàn. Ṣùgbọ́n gooseneck máa ń gbé ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Ká mú 20: 3,200 páùn nìyẹn. Ẹ fi àgbàlagbà méjì kún un, 400. Ó ti di 3,600 lórí ọkọ̀ tí wọ́n ní kó má gbà ju 2,100 lọ. Tune kankan ò lè yanjú ìyẹn. Píkọ́ọ̀pù tó ní táyà méjì-méjì lẹ́yìn ló yẹ iṣẹ́ náà.

Ẹrù tírélà kékeré tí a ń so mọ́ hitch ìsàlẹ̀ yàtọ̀: ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí bọ́ọ̀lù.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i:* ẹ lè kọ nọ́ńbà mẹ́rin sórí bébà kan láìwo ibòmíràn, ìyẹn payload, GVWR, GAWR ẹ̀yìn, àti iye tí wọ́n kọ sára hitch. Ẹ lẹ bébà náà mọ́ inú ọkọ̀. Èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ kàn nínú wọn ni ọ̀gá yín.

Ìpele 2: Ẹ rẹ tune sílẹ̀

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ dáadáa.

Dísẹ́ẹ̀lì òde òní kò ṣaláìlágbára láti ilé iṣẹ́. Duramax ọdún 2017 ní horsepower 445 àti torque (agbára ìyípo) 910. Cummins 6.7 tó lágbára jù nínú Ram ọdún 2019 dé torque 1,000. Tune ti ẹrù tó fi nǹkan bíi horsepower 40 sí 80 kún èyí ti tó. Tune eré sísá tó ń fi 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un kì í ṣe fún ẹni tó so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń da epo púpọ̀ sí i sínú ẹ́ńjìnnì. Tí ọkọ̀ bá ṣófo, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, ooru á lọ sókè, ẹ ó jọ̀wọ́ ẹsẹ̀, á wá sílẹ̀. Tí ẹ bá ń wọ́ 9,000 páùn gòkè, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko lẹ máa fi tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ooru kò sì ní ráyè wálẹ̀.

Pístọ̀n inú ọ̀pọ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, alumíníọ̀mù ni, alumíníọ̀mù sì ń yọ́ ní nǹkan bíi 1,220°F. Ọ́ìlì tó ń ta sí i lábẹ́ àti omi tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká ló ń gbà á sílẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kí EGT jókòó lókè 1,250°F. Tó bá kan 1,300, mo ti ń gbé ẹsẹ̀.

Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n fi ẹnu géèjì yín sí. Tó bá wà ṣáájú tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì), nọ́ńbà tí mo kọ yìí bá a mu. Tó bá wà lẹ́yìn tọ́bò, ohun tó ń kà lè fi 200 sí 300 kéré sí òótọ́ nígbà tí ẹrù bá wúwo. Ọ̀pọ̀ ló ń rí 1,150 tí inú wọn ń dùn, tí iwájú tọ́bò sì ti kọjá 1,350.

Ní oṣù Keje ọdún kan, mò ń gba I-10 lọ sápá ìwọ̀-oòrùn, mo ti kọjá Kerrville, ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè-sọ̀kalẹ̀. Katakata kékeré kan ló wà lórí tírélà mi. Mo ti fi ọkọ̀ náà ṣeré lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì gbàgbé tune sí ipele tó ga jù. Nígbà tí mo fi máa wo géèjì, epo gíà ti wà ní 247°F. Mo dúró. Nígbà tó tutù, mo fa ọ̀pá epo gíà jáde, mo fi nù ún lára bébà funfun. Epo tó yẹ kó pupa bí zobo ti dúdú bí omi kọfí, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀wà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Bí mo bá ti wò ó ní máìlì mẹ́ta ṣáájú, owó gíà tuntun ì bá má jáde lápò mi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ so tírélà kí n tó fojú ara mi rí i pé ipele ti ẹrù ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń sọ fún pé kẹ́ ẹ yọ DPF (asẹ́ èéfín) àti EGR (èyí tó ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì) kúrò kí ooru lè dín kù: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òfin Clean Air Act ti Amẹ́ríkà ka yíyọ wọn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní 2020, EPA (àjọ ààbò àyíká Amẹ́ríkà) ṣírò pé píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì tó ju 550,000 lọ ni wọ́n ti yọ ọ́ lára wọn láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ti fi owó ìtanràn ńlá jẹ àwọn tó ń ta irú tune bẹ́ẹ̀. Tune wà tó ń fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ béèrè nọ́ńbà EO ti CARB (àṣẹ tí àjọ afẹ́fẹ́ California fún tune náà) lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Tó bá ń kólòlò, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èéfín yẹn, àwọn ọmọ wa ló ń fà á símú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára:* ẹ wa ọkọ̀ láìsí tírélà ní 60 máìlì ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ lójijì. Èéfín dúdú kò gbọ́dọ̀ bo dígí ẹ̀yìn yín. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo ju afẹ́fẹ́ lọ, ooru ló sì ń bí. Ẹ tún rí i dájú pé Tow/Haul (bọ́tìnnì tó ń mú kí gíà ṣiṣẹ́ fún ẹrù) àti exhaust brake (èyí tó ń fi èéfín dín eré ọkọ̀ kù) ṣì ń ṣiṣẹ́. Tune kan wà tó máa ń pa wọ́n láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìpele 3: Ẹ so tírélà

Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì há táyà tírélà. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ẹnu tírélà, ẹ wo ti orí bọ́ọ̀lù. Bí ẹnu tírélà bá jẹ́ 2-5/16 ínǹṣì, tí bọ́ọ̀lù jẹ́ 2 ínǹṣì, ó máa wọlé, ó máa tì, pín-ìn á wọlé. Ojú á sì sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Kòtò àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá pàdé ló máa já a. Ìdá díẹ̀ nínú ínǹṣì kan ni ìyàtọ̀ wọn, ojú kò lè mọ̀ ọ́n, àfi kẹ́ ẹ kà á.

Lẹ́yìn tó bá ti tì, ẹ kọ ṣéènì méjèèjì lábẹ́ ẹnu tírélà bí àmì ìsọdipúpọ̀. Bó bá já, inú àgbélébùú ṣéènì yẹn ni ẹnu rẹ̀ máa bọ́ sí, kò ní gún títì. Wáyà kékeré tó ń fa bíréèkì tírélà nígbà tó bá já, ara férémù ọkọ̀ lẹ máa kọ́ ọ sí. Ẹ má kọ́ ọ sára ṣéènì, ẹ má sì kọ́ ọ sára bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá yọ, òun náà á bá a lọ, kò sì ní fa nǹkan kan.

*Àyẹ̀wò:* ẹ máa yí jáàkì iwájú tírélà títí tó fi máa gbé ìdí píkọ́ọ̀pù sókè ní ínǹṣì kan tàbí méjì. Bí ẹnu tírélà bá yọ kúrò lórí bọ́ọ̀lù, kò tì. Bó bá gbé píkọ́ọ̀pù mọ́ra, ó ti tì. Ẹ wá ká jáàkì sókè pátápátá.

Ìpele 4: Ẹ to ẹrù, kẹ́ ẹ dè é

Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù ló yẹ kó wà níwájú àárín táyà tírélà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, ẹ jẹ́ kó kọjú sí píkọ́ọ̀pù nígbà tó bá ń gòkè. Ọkọ̀ tó ti jàǹbá tí kò lè yí táyà, tí wọ́n fi fọ́ọ̀kì gbé lé e lódìkejì, ló sábà ń fa tírélà tó ń jù. Ẹ má tijú láti ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n gbé e padà.

Ẹ de táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì kí ó fà síwájú, méjì kí ó fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọkọ̀ orí tírélà pẹ̀lú ọwọ́. Ó lè mì lórí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú kan. Òfin àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù ní kẹ́ ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárín 50 máìlì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní gbogbo 150 máìlì tàbí wákàtí mẹ́ta, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Èmi máa ń dúró ní 20 máìlì pàápàá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni bẹ́líìtì tuntun ṣe máa ń fà.

Ìpele 5: Ẹ gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n

Mo mọ̀ pé ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ máa fò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó. CAT Scale (òṣùwọ̀n ọkọ̀ ńlá) wà ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ẹrù lójú títì ńlá, owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ènìyàn méjì. Ojú òṣùwọ̀n náà pín sí mẹ́ta: táyà iwájú píkọ́ọ̀pù á wà lórí èkíní, ti ẹ̀yìn lórí èkejì, ti tírélà lórí ẹ̀kẹta. Ẹ gba bébà yín. Ẹ lọ tú tírélà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ padà wá wọn píkọ́ọ̀pù nìkan.

Tírélà ọlọ́kọ̀ kan ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, Sienna kan ló wà lórí rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù nìkan: 7,900. Nígbà tí tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀, táyà píkọ́ọ̀pù iwájú àti ẹ̀yìn papọ̀ gbé 8,720. Ìyàtọ̀ wọn, 820, ni ẹrù tó wà lórí bọ́ọ̀lù. Táyà tírélà gbé 5,900. Gbogbo tírélà wá jẹ́ 6,720. Bí ẹ bá fi 6,720 pín 820, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó wà láàárín 10 sí 15. Ẹ lè lọ.

Bó bá jẹ́ ìdá 8, ẹ fa ọkọ̀ orí tírélà síwájú díẹ̀ kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Bó bá jẹ́ 18, ẹ tì í sẹ́yìn. Ẹ tún wo táyà iwájú píkọ́ọ̀pù. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dín kù púpọ̀ ju ti ìgbà tí kò sí tírélà lọ, ìdarí yín á fúyẹ́, iná iwájú yín á sì máa wo ojú ọ̀run. Weight distribution hitch ló ń dá ìwọ̀n padà síwájú.

*Àyẹ̀wò:* kò sí nọ́ńbà kankan lórí bébà òṣùwọ̀n tó ju èyí tó bá a mu lórí bébà tí ẹ lẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ lọ.

Ìpele 6: Táyà àti bíréèkì

Táyà tírélà kì í ṣe táyà ọkọ̀. Èyí tó ní ST lára, tí wọn kò bá kọ iye eré mìíràn sí i, 65 máìlì ní wákàtí kan ni òpin rẹ̀. Tune sì sábà máa ń ṣí ibi tí ilé iṣẹ́ ti dí eré ọkọ̀ mọ́. Ní Texas, ojú títì SH 130 láàárín Austin àti Seguin gba 85 máìlì ní wákàtí kan. Píkọ́ọ̀pù yín á sá a pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kò ní ṣe bí ẹni tó rẹ̀. Táyà tírélà ló máa bẹ́.

Ẹ fẹ́ táyà tírélà kún dé iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nígbà tó bá tutù. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àmì DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó, mi ò ní fi gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹ mú nọ́ọ̀tì táyà le, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́yìn 50 máìlì bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà ni.

Ó wá kan bíréèkì. Ẹ wá ilẹ̀ gbalasa tí kò sí èrò, kí ẹrù wà lórí tírélà. Ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kó lè gbóná. Ẹ wá sá dé 25 máìlì ní wákàtí kan, ẹ fi ọwọ́ fún brake controller pátápátá láìfẹsẹ̀ kan bíréèkì ọkọ̀. Tírélà gbọ́dọ̀ fa píkọ́ọ̀pù sẹ́yìn bí ìgbà tí ọmọ bá fa aṣọ ìyá rẹ̀. Bí táyà tírélà bá dì, tó ń fà gbọ̀ọ̀rọ̀ nílẹ̀, ẹ dín gain (agbára tí controller fi ń fa bíréèkì tírélà) kù. Bí ẹ kò bá mọ nǹkan kan lára, ẹ fi kún un. Ẹ máa tún un ṣe títí ẹ ó fi dé ibi tí ó kù díẹ̀ kó dì. Ní ọjọ́ tí tírélà bá ṣófo, ẹ tún un ṣe lákọ̀tun, nítorí gain ti ẹrù á di táyà tírélà òfìfo nínú òjò.

*Àyẹ̀wò:* ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì iná tírélà kúrò, ẹ fa pín-ìn wáyà kékeré yẹn jáde, ẹ gbìyànjú láti wakọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Tírélà gbọ́dọ̀ kọ̀. Ẹ dá pín-ìn padà kíákíá kí bátìrì rẹ̀ má báa tán.

Ìpele 7: Lójú ọ̀nà, àti nígbà tí ẹ bá ń gòkè

Ẹ tẹ Tow/Haul kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: lẹ́yìn dígí ẹ̀gbẹ́, géèjì ni kójú yín máa lọ síbẹ̀.

Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tune jù nìyí. Torque ti pọ̀, torí náà ọkọ̀ máa ń fẹ́ dúró nínú gíà gíga nígbà tó bá ń gòkè, ní 1,300 tàbí 1,400 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Awakọ̀ á rò pé ìrọ̀rùn ni, ẹ́ńjìnnì kò pariwo. Ṣùgbọ́n epo púpọ̀ ń wọlé, afẹ́fẹ́ kò tó, ooru ń gòkè, ọ̀pá tó di pístọ̀n mú sì ń jẹ ìyà. Ẹ sọ gíà kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín 1,800 sí 2,400 rpm. Ariwo á pọ̀ sí i, EGT á sì wálẹ̀ lójú yín, nítorí tọ́bò ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí i tí nọ́ńbà yẹn lọ láti 1,280 sí 1,120 láìjẹ́ pé ẹ gbé ẹsẹ̀ púpọ̀, ẹ kò ní gbàgbé.

Bí sísọ gíà kalẹ̀ kò bá tó, ẹ dín eré kù. 45 máìlì ní wákàtí kan lápá ọ̀tún pẹ̀lú iná hazard kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ sì rántí pé ibi gíga kò ní afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù gba I-70 kọjá Eisenhower Tunnel ní Colorado, tó ga tó 11,158 ẹsẹ̀ bàtà, á rí i pé tune tó ń ṣe dáadáa ní Houston á máa gbé ooru sókè níbẹ̀. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Epo gíà: láàárín 160 àti 200°F, ọkàn yín balẹ̀. Ní 220, ẹ dín eré kù. Bó bá súnmọ́ 240, ẹ kúrò lójú títì sí ibi tó dára, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi wẹ́ẹ̀jì há táyà, ẹ fi gíà sí Neutral, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 1,000 rpm. Ẹ má pa á. Bí ẹ bá pa á, epo ò ní lọ sínú kúlà mọ́, ooru á jókòó sínú gíà. Ẹ má sì dúró lórí koríko gbígbẹ, pàápàá tí DPF bá ń sun ìdọ̀tí rẹ̀ lọ́wọ́; ooru abẹ́ ọkọ̀ nígbà yẹn lè dáná sí oko.

Ìpele 8: Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀

Ẹ dín eré kù ní orí òkè, kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ẹ tan exhaust brake, ẹ lo gíà kan náà tí ẹ fi gòkè tàbí èyí tó tún kéré sí i. Bí eré bá ń lé, ẹ fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì gírígírí kí eré fi máìlì márùn-ún ní wákàtí kan dín kù, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá kó lè tutù. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ lé bíréèkì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láti òkè dé ilẹ̀ ni bíréèkì rẹ̀ máa ń jó. Bí òjò bá ti mú títì yọ̀, ẹ pa exhaust brake, torí táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń dì mú, ó sì lè mú wọn yọ̀.

Ìpele 9: Bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ má tẹ bíréèkì ọkọ̀. Ẹ má tẹ ẹsẹ̀ kí tune lè "fà á tọ́". Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, eré tó pọ̀ sí i ló máa fi kún jíjù náà. Ẹ di ìdarí mú lójú kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ fi ọwọ́ fún bíréèkì tírélà nìkan lórí controller. Tírélà á na ara rẹ̀ tọ́. Bó bá ti tọ́, ẹ kúrò lójú títì, kẹ́ ẹ wá ìdí rẹ̀: ẹrù tó wà lẹ́yìn jù, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ, tàbí eré. Ẹ má padà sójú títì kẹ́ ẹ tó rí i.

Ìpele 10: Kẹ́ ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì

Tọ́bò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè ń gbóná gan-an. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì lójijì, ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ á dúró, á sì jóná mọ́ bẹ́rìn-ìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ títí EGT á fi wá sí 400°F tàbí kó kéré sí i. Bí ẹ bá ti rọra wọ àdúgbò, ìṣẹ́jú méjì ti tó. Bó bá jẹ́ pé ẹ yà síbi epo ní kété tẹ́ ẹ gòkè tán, ẹ fún un ní márùn-ún.

Kó tó di pé ẹ lọ jẹun, ẹ yí tírélà ká. Ẹ súnmọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i láìfọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbóná bákan náà. Èyí tó bá dá gbóná ju àwọn tó kù lọ, bẹ́rìn-ìn rẹ̀ ń kú lọ tàbí bíréèkì rẹ̀ kò jọ̀wọ́. Èyí tó bá dá tutù, bíréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ẹ tún un ṣe níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó so bẹ́líìtì mọ́ ọkọ̀ mìíràn.